Nígbà Tí Hẹ́dífóònù Bá Ń Gbóná: Ìwádìí Orísun Ooru Láàárín Fóònù, Bátìrì àti Etí ní Ìlú Dallas

Ìfáàrà

Ooru kì í ṣe àlejò ní ìlú Dallas. Ní ọjọ́ 26 àti ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1980, ìwọ̀n ooru ní pápákọ̀ òfurufú Dallas/Fort Worth dé 113°F, èyí tí í ṣe 45°C. Ní ọdún kan náà, ọjọ́ 42 ló tẹ̀lé ara wọn tí ooru ọ̀sán kò wálẹ̀ kọjá 100°F. Ní ọdún 2011, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tó 71 láàárín ọdún kan. Nínú ìlú yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, tí wọ́n ń fi fóònù bá ará ilé ní Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Èkó sọ̀rọ̀ fún wákàtí púpọ̀, tí wọ́n sì ń fi etí gbọ́ ìwàásù, ìròyìn àti orin lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́.

Bí ohun tí ó wà létí bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ìhà méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń kọ sí i. Àwọn kan á ní ó ti bàjẹ́, wọn á sì lọ ra òmíràn. Àwọn mìíràn á ní bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọn á fi í sílẹ̀ létí títí oorun yóò fi gbé wọn lọ. Ìhà àkọ́kọ́ ń fi owó ṣòfò, ṣùgbọ́n èkejì lè fi ara ṣòfò. Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni pé ohùn fúnra rẹ̀ kò ní agbára tí ó lè mú hẹ́dífóònù gbóná. Ibòmíràn ni ooru náà ti ń wá, a sì gbọ́dọ̀ mọ ibẹ̀ kí a tó mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, hẹ́dífóònù dúró fún gbogbo ohun tí a ń fi sí etí láti gbọ́ ohùn inú fóònù: èyí tí ó bo etí pátápátá, àti èyí kékeré tí ń wọ ihò etí, tí àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà ń pè ní íàpíìsì, yálà ó ní wáyà tàbí kò ní.

Ooru tí ń mú ni àti ara tí ń gbóná

Èdè Yorùbá ti ṣe ìpín kan tí ó wúlò gidigidi fún ìwádìí yìí. Bí ènìyàn bá jókòó sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, yóò ní, “Ooru ń mú mi.” Bí ibà bá ń ṣe é, yóò ní, “Ara mi ń gbóná.” Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, ooru ni olùwà, ìta ni ó ti wá, ènìyàn sì ni ó ń mú. Nínú gbólóhùn kejì, ara ni olùwà. Inú ara ni ọ̀ràn náà wà. Ẹni tí ooru ń mú nílò atẹ́gùn àti ibòji. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná nílò àyẹ̀wò àti ìtọ́jú. Kò sí ìyá tí yóò fi abẹ̀bẹ̀ nìkan wo ibà ọmọ rẹ̀.

Ìbéèrè kan náà ni a gbọ́dọ̀ bi hẹ́dífóònù: ṣé ooru ni ó ń mú un ni, àbí ara rẹ̀ ni ó ń gbóná? Èdè tún fún wa ní òṣùwọ̀n. Ohun tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò ni ọwọ́ lára. Ohun tí ó gbóná ń mú kí a fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò. Ohun tí ó gbóná janjan kò ṣeé dì mú rárá. Hẹ́dífóònù tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí ó ń gba iná kò ṣe ohun àjèjì. Èyí tí ó gbóná nígbà tí a ti pa á, tí a kò sì fi í sí ibi tí oòrùn ń pa, ń sọ ohun mìíràn.

Ohùn, ooru àti ìtàn Dallas

Ìjà láàárín ohùn àti ooru ní ìtàn ní Dallas. Gordon Teal, ọmọ bíbí ìlú náà, ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs kí ó tó padà sílé láti darapọ̀ mọ́ Texas Instruments ní ọdún 1953. Nígbà náà, germanium ni a fi ń ṣe transistor, ìyẹn ohun kékeré tí ń mú ohùn lágbára nínú ẹ̀rọ. Àléébù germanium ni pé kò fara da ooru. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1954, níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio, Teal fi giramafóònù kan hàn wọ́n. Transistor oní-germanium ni ó kọ́kọ́ ń gbé ohùn orin náà jáde. Nígbà tí a ri transistor náà bọ inú òróró gbígbóná, orin dákẹ́. Ó fi èyí tí a fi silicon ṣe rọ́pò rẹ̀, a sì ri òun náà bọ inú òróró gbígbóná. Orin ń bá a lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni a kéde rédíò Regency TR-1, rédíò onítransistor àkọ́kọ́ tí a ń tà fún gbogbo ènìyàn. Ó ṣeé fi sí àpò, transistor mẹ́rin tí Texas Instruments ṣe ni ó wà nínú rẹ̀, a sì lè ra ohun ìgbọ́hùn kékeré tí a ó fi sí etí mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958, Jack Kilby, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan náà ní Dallas, fi hàn pé oríṣiríṣi ẹ̀yà ẹ̀rọ ṣeé kó pọ̀ sára ègé kan ṣoṣo. Iṣẹ́ yìí ni a tìtorí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000, òun ni ó sì ṣí ọ̀nà fún chip tí ó wà nínú gbogbo fóònù òde òní.

Ìtàn yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí hẹ́dífóònù rẹ̀ ń gbóná. Chip inú hẹ́dífóònù òde òní, silicon ni. Ó lè máa ṣiṣẹ́ nínú ooru tí ọwọ́ ènìyàn kò lè gbà mọ́ra. Bátìrì ni kò ní irú ìfaradà bẹ́ẹ̀. Bátìrì oní-lithium tí ó wọ́pọ̀ kò yẹ kí ó gba iná nígbà tí ooru bá ti ju 45°C lọ, Apple sì gba àwọn oníbàárà rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n máa lo iPhone níbi tí ooru àyíká kò ti ju 35°C lọ. Ní Dallas, ọ̀pọ̀ ọ̀sán nínú oṣù Kẹjọ ni ó ń kọjá ìwọ̀n yẹn kí ẹnikẹ́ni tó tan fóònù.

Ìdí tí ohùn kò fi lè jẹ́ ẹlẹ́bi

Ìṣirò díẹ̀ yóò là á yéni. Bí fóònù bá ń fi 1 volt ránṣẹ́ sí hẹ́dífóònù onífáyà tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 32 ohm, agbára tí ó ń fún un kò ju nǹkan bí 0.03 watt lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù wà tí 0.001 watt péré ti tó láti gbé ohùn wọn dé nǹkan bí 100 decibel. Ìmọ̀ràn NIOSH, àjọ tí ń mójú tó ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni pé kí etí má ṣe ju ìṣẹ́jú 15 lọ nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀ lóòjọ́. Ìyẹn ni pé etí yóò ti ṣèṣe tipẹ́ kí ohùn tó mú hẹ́dífóònù gbóná.

Ẹ wá fi èyí wé bátìrì tí ń gba iná. Ṣájà tí ó ń fún hẹ́dífóònù ní 5 volt àti 0.5 ampere ń rán 2.5 watt wọlé, èyí tí ó tó nǹkan bí ìlọ́po 80 agbára tí a mẹ́nu bà lókè. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń di ooru, ṣùgbọ́n ìdá díẹ̀ tí ó ń di ooru nínú rẹ̀ ti tó fún ọwọ́ láti mọ̀. Ibi tí agbára pọ̀ sí ni ó yẹ kí a ti wá ooru.

Orísun márùn-ún, láti orí èyí tí kò léwu dé orí èyí tí ó léwu

Àkọ́kọ́ ni oòrùn. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé ooru inú ọkọ̀ tí a tì pa lè fi nǹkan bí 20°F lé sí i láàárín ìṣẹ́jú 10. Ní ọ̀sán tí ìta bá jẹ́ 97°F, inú ọkọ̀ lè dé 117°F, èyí tí í ṣe 47°C, kí ẹni tí ó wọ ọjà lọ ra iṣu tó jáde. Hẹ́dífóònù tí ó wà lórí ìjókòó ọkọ̀ náà ti kọjá ààlà 45°C. Ooru ni ó mú un. Ara rẹ̀ kò ṣàìsàn. Kí a gbé e sí ibòji, kí ó tutù fúnra rẹ̀, kí a má sì fi í sí ṣájà kí ó tó tutù. A kò gbọ́dọ̀ gbé e sínú fíríìjì, nítorí pé òtútù òjijì ń mú kí omi sẹ̀ sí inú rẹ̀.

Èkejì ni etí fúnra rẹ̀. Ara ènìyàn ń gbóná ní 37°C, awọ tí ó bo etí kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn wákàtí kan, etí á làágùn, a ó sì rò pé ẹ̀rọ ni ó ń gbóná. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: kí a gbé hẹ́dífóònù sórí tábìlì, kí ó máa kọrin bí ó ṣe ń kọ tẹ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí a wá fọwọ́ kàn án. Bí ó bá tutù, etí ni ó ni ooru náà. Ìsinmi díẹ̀díẹ̀, tàbí ìbotí aláṣọ dípò aláwọ, yóò yanjú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni fóònù. Nígbà tí ènìyàn bá ń wo ojú ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn lórí fóònù, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, tí fóònù náà tún wà lórí ṣájà, iṣẹ́ mẹ́ta ni fóònù ń ṣe pọ̀: ó ń gba iná, ó ń ya àwòrán, ó sì ń fi agbára púpọ̀ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Watt mélòó kan ni ó ń lò. Bí hẹ́dífóònù onífáyà bá wà lára rẹ̀, irin ẹnu wáyà yóò gbé ooru fóònù jáde, a ó sì di ẹ̀bi ru hẹ́dífóònù. Kí a fi hẹ́dífóònù kan náà sára fóònù mìíràn. Bí kò bá gbóná níbẹ̀, fóònù àkọ́kọ́ ni a ó tọ́jú: kí a yọ àpò rẹ̀, kí a yọ ọ́ lórí ṣájà, kí a lo Wi-Fi, tàbí kí a fi ohùn nìkan sọ̀rọ̀ láìtan àwòrán.

Ẹ̀kẹrin ni ẹnu wáyà. Láti ọdún 2016 tí Apple ti yọ ihò olóbìrípo àtijọ́ kúrò lára iPhone 7, tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ihò kan náà tí fóònù fi ń gba iná ni ó fi ń gbé ohùn jáde fún wáyà. Wáyà kúkúrú tí ó wà láàárín fóònù àti hẹ́dífóònù ní chip tirẹ̀ nínú, fóònù ni ó sì ń fún un ní iná. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sí ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí òógùn tàbí omi bá wọ ihò náà, iyọ̀ inú òógùn á di afárá láàárín àwọn irin tí kò yẹ kí iná gba àárín wọn kọjá. Ìdí nìyí tí ẹnu wáyà fi lè gbóná nígbà tí ibi tó kù tutù. Bí irin rẹ̀ bá ti dúdú tàbí tí ó ní àwọ̀ ewé, ẹ̀rí nìyẹn.

Kí a yọ wáyà náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a kọjú ihò fóònù sílẹ̀, kí a rọra gbọ̀n ọ́n, kí a sì fi í sí ibi tí atẹ́gùn wà fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30 kí a tó tún fi nǹkan kan sí i. Àṣà kíkó fóònù sínú ìrẹsì, tí ó wọ́pọ̀ nílé àti lóko, kò ṣe é lóore: Apple kìlọ̀ pé ègé ìrẹsì kékeré lè ba fóònù jẹ́. Kí a má ṣe ki òwú tàbí bébà bọ ihò náà pẹ̀lú.

Ẹ̀karùn-ún ni bátìrì, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí a dúró lé.

Nígbà tí bátìrì bá jẹ́ orísun

Nínú bátìrì oní-lithium, ìpele méjì wà tí kò gbọ́dọ̀ kan ara wọn, ohun tí ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀ fẹ́lẹ́ bí ìwé. Ìṣubú, ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ooru ọkọ̀ tí ó ń tún ara rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́, tàbí ṣájà tí kò bá a mu lè ba ohun fẹ́lẹ́ náà jẹ́. Bí ìpele méjèèjì bá pàdé, ooru á jáde. Ooru náà á mú kí àwọn èròjà tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ooru á máa bí ooru títí yóò fi di iná. Pípa hẹ́dífóònù kò lè dá a dúró, nítorí pé inú bátìrì gan-an ni ohun gbogbo ti ń ṣẹlẹ̀.

Àmì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn orísun yòókù. Ooru rẹ̀ lè wà ní apá kan ṣoṣo, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù tí ó bo etí, apá kan ni bátìrì wà. Ó lè máa gbóná lẹ́yìn tí a ti pa á tàbí tí a ti yọ ọ́ lórí ṣájà. Ara rẹ̀ lè wú tí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ yóò fi là. Ó lè máa rùn bí òórùn àjèjì tí ó dùn díẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo nínú àmì wọ̀nyí ti tó láti mú un kúrò létí.

Ewu yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, obìnrin kan wọ ọkọ̀ òfurufú láti Beijing lọ sí Melbourne. Ó ń gbọ́ orin pẹ̀lú hẹ́dífóònù tirẹ̀, ó sì sùn lọ. Nǹkan bí wákàtí méjì lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbéra, ìró bíbú kan jí i. Bátìrì hẹ́dífóònù náà ni ó bú. Ó jó o lójú àti lọ́wọ́. Ó jù ú sílẹ̀, ó ń ta iná pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sì da omi lé e lórí. Àjọ tí ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Ọsirélíà ni ó gbé ìtàn náà jáde ní oṣù Kẹta ọdún kan náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí ó ti mọ̀ pé hẹ́dífóònù òun ń gbóná lápá kan, tí ó tún wọ̀ ọ́ sùn, orí ara rẹ̀ ni ó fi ṣe òrùlé.

Bí a bá fura sí bátìrì, kí a gbé hẹ́dífóònù náà sórí sìmẹ́ǹtì tàbí táìlì, jìnnà sí aṣọ, ìwé àti bẹ́ẹ̀dì. Kí a má gún un, kí a má tẹ̀ ẹ́, kí a má sì tún fi í sí ṣájà láti wò ó bóyá ó ti sàn. Bí ó bá ń yọ èéfín, kí gbogbo ènìyàn jáde, kí a pe 911. Lẹ́yìn tí ó bá tutù, kí a má jù ú sínú ìdọ̀tí ilé, nítorí pé ọkọ̀ ìkódọ̀tí ń tẹ ohun gbogbo pọ̀, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sì lè dá iná sílẹ̀. Agbègbè Dallas County ní ibùdó tí a ti ń gba ohun olóró láti inú ilé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Home Chemical Collection Center. Ó dára kí a kọ́kọ́ pè wọ́n, kí a sì sọ fún wọn pé bátìrì náà ti wú tàbí ti bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ fún arìnrìn-àjò

Ẹni tí ń ti Dallas lọ sí Èkó ní ìdí mìíràn láti yanjú ọ̀ràn yìí kí ó tó di ẹrù. Òfin FAA, àjọ tí ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, kò gba power bank àti bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ láàyè nínú àpótí tí a ń kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀dọ̀ èrò ni ó gbọ́dọ̀ wà. Bátìrì tí ó ti bàjẹ́ tí ó lè gbaná kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ rárá. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Southwest Airlines, tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Dallas, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí èrò tí ó bá ń lo power bank gbé e síta níbi tí ojú ti tó o. Ìdí òfin méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà: iná tí a tètè rí ṣeé pa, èyí tí ó wà nínú àpò tí a dì pa kò ṣeé rí títí yóò fi gbilẹ̀.

Nítorí náà, hẹ́dífóònù olówó pọ́ọ́kú tí ènìyàn fẹ́ kó lọ fún àwọn ẹbí yẹ ní àyẹ̀wò kan nílé: kí a fi í sí ṣájà títí yóò fi kún, kí a yọ ọ́, kí a sì fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Ó yẹ kí ó ti tutù.

Ìgúnlẹ̀

Ìlànà tí ó so gbogbo ohun tí a ti sọ pọ̀ ni pé kí a máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá pààrọ̀ fóònù, kí wáyà àti hẹ́dífóònù wà bí wọ́n ṣe wà. Bí a bá pààrọ̀ wáyà, kí fóònù má yí padà. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè rí i pé ooru ti lọ, ṣùgbọ́n kò ní mọ èyí tí ó gbé e lọ nínú wọn.

Orísun mẹ́rin àkọ́kọ́, ibòji, ìsinmi, fóònù tí a tú iṣẹ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀ àti wáyà gbígbẹ ni oògùn wọn. Ẹ̀karùn-ún kò ní oògùn ilé. Nígbà tí a bá ti gbé hẹ́dífóònù kúrò lóòrùn, kúrò létí, kúrò lára fóònù àti kúrò lórí ṣájà, tí ó ṣì ń gbóná, a ti kúrò ní “ooru ń mú un.” Ara rẹ̀ ni ó ń gbóná, kò sì gbọ́dọ̀ padà sí etí ẹnikẹ́ni mọ́.